Ta Ló Ń Yí Sukurúù Yẹn?

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọkọ mi fi yẹ àpò àwọn ènìyàn wò. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bàtà ló máa ń dúró sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jáde nírọ̀lẹ́, ìbáà ṣe ọ̀gá, ìbáà ṣe agbálẹ̀, dandan ni kó ṣí àpò rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bí mo bá ti ọjà dé, kó tó kí mi káàbọ̀, ojú rẹ̀ á ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ mi. Bí àwọn ọmọ wa méjèèjì bá ní àwọn ti fọ eyín, á ní kí wọ́n la ẹnu. Bàbá Géètì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ilé wa kò ní géètì. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í, òun náà ló sì tún máa ń padà lọ wò ó bóyá ó tì.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ bàtà náà kógbá sílé, ọkọ mi ti pé ẹni ogójì ọdún. Aránṣọ ni èmi. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tó ń wo bí mo ṣe ń gé aṣọ oníbàárà, tó ń bi mí pé níbo ni èyí tó ṣẹ́ kù wọlé sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Èmi ni mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn, pé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ń gba àwọn tó bá fẹ́ kọ́ àtúnṣe rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò ìkẹyìn, ilé ìwòsàn náà á gbà á síṣẹ́. Mo já ìwé náà kúrò lára ògiri, mo ká a sínú àpò, mo gbé e wálé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo já a, kí ẹlòmíràn má baà rí i. N kò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀kọ́ náà bá a lára mu ju bí mo ṣe lérò lọ. Olùkọ́ wọn jẹ́ àgbàlagbà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ọ̀gá Fíùsì, nítorí pé wọn kì í pẹ́ gbaná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sọ fún kíláàsì pé kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀rọ kankan gbọ́. Pé bí wọ́n tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, iná ṣì lè lúgọ sínú rẹ̀. Lúgọ! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọkọ mi dọ́ba. Ó wálé, ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ó sọ ọ́ fún aládùúgbò tó wá gba ìyọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí ẹnìkan máa kọ́ ọ ní ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó mú iṣẹ́ náà ní òkúnkúndùn. Ó kọ́ bí a ṣe ń ka àwọn ìlà aláwọ̀ tó wà lára nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ tí kò ju ìrẹsì lọ, ó sì ń kó rílì òwú mi tò sórí tábìlì oúnjẹ láti fi ṣe ìdánrawò: dúdú, búráwùn, pupa, àwọ̀ ọsàn. Oníbàárà á dúró dè mí, òwú dúdú á wà lábẹ́ àwo ọbẹ̀. Bó bá ṣí ẹ̀yìn rédíò, yóò kọ́kọ́ wò ó pẹ́ títí kó tó fọwọ́ kàn án, bí ẹni pé olè kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ dá mọ̀. Mo fi í ṣẹ̀sín títí, àmọ́ inú mi dùn.

Ní ọdún kejì ni wọ́n pín wọn ní méjì-méjì sórí tábìlì. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ onídìrí ni wọ́n fi ṣe ìkejì ọkọ mi. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ní kùtùkùtù àti ní òpin ọ̀sẹ̀, á máa dirun fún àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà á wá sí kíláàsì. Ọkọ mi ní ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, pé ibi tí ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n nídìí òjé gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, tirẹ̀ kì í mì rárá. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo bu omi mu. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, mo rọra ń jẹun lọ. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo bi í pé báwo ni ọwọ́ náà ṣe jẹ́jẹ́ tó. Ó wò mí, ó sì gba ẹran inú àwo rẹ̀ mú.

Mo lọ wò ó fúnra mi lọ́jọ́ kan, mo ṣe bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Èékánná rẹ̀ pupa fòò. Mo rí èékánná yẹn, ara fu mí.

Iṣẹ́ ìdánwò wọn ni àpótí iná kan. Yóò máa gba iná ara ògiri, yóò sì sọ ọ́ di fóòtì méjìlá géérégé; fóòtì ni wọ́n fi ń wọn agbára iná. Sukurúù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń yí láti fi gbé iná sókè tàbí láti fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni méjì-méjì ló máa ṣe é, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló máa dáhùn ìbéèrè Ọ̀gá Fíùsì lórí rẹ̀. Dúrọ́ọ̀ kan ni wọ́n ń tì í mọ́ bí wọ́n bá ṣíwọ́, kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì wà: ọ̀kan lọ́wọ́ ọkọ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ onídìrí.

Mítà ni wọ́n fi ń mọ iye iná. Ti ọkọ mi jẹ́ tuntun, òǹkà ló ń yọ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tó rà á ló ti fi pílásítà ojú egbò lẹ igun ojú rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀. Ti ọmọbìnrin náà jẹ́ ti àtijọ́, abẹ́rẹ́ ló ń rìn lójú rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ mi kò ka nǹkan àtijọ́ yẹn sí.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi yí sukurúù títí mítà rẹ̀ fi sọ méjìlá. Ó ti àpótí mọ́lé. Nígbà tó dé láàárọ̀, mítà náà sọ mẹ́wàá àbọ̀. Ó tún un ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti gòkè kọjá méjìlá, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láàárọ̀, mẹ́wàá àbọ̀ náà ni.

Ó wálé, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Màmá wọn, ẹnìkan ń yí sukurúù mi."

"Ta ni?" Bí mo ṣe béèrè rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni tí kò mọ ẹni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà."

Ó ní kí n fún òun ní ọ̀dà èékánná mi. Àwọn oníṣẹ́ wọn a máa kán irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sórí sukurúù kó má baà yí. Ó kán an ní ìrọ̀lẹ́, pupa. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ọ̀dà náà wà bó ṣe wà, kò sán, kò ṣí, ṣùgbọ́n mítà tún sọ mẹ́wàá àbọ̀. Ẹlòmíràn ì bá jókòó, ì bá ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ọkọ mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní wọ́n ti ha ọ̀dà tòun kúrò ni, wọ́n sì kán òmíràn sí i. Ta ló sì ní ọ̀dà pupa bíi tèmi? Èékánná ta ló pupa fòò?

Èyí tó wá burú jù ni pé ọmọbìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ mi kán ọ̀dà yẹn, ó ti fi mítà abẹ́rẹ́ rẹ̀ wo àpótí náà, ó sì sọ níṣojú gbogbo kíláàsì pé, "Ẹ̀gbọ́n, tèmi ò sọ méjìlá o. Mẹ́wàá àbọ̀ ló ń sọ."

Ọkọ mi la ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún mi nílé, ó ń fi ìka gún tábìlì. "Ìrọ̀lẹ́ ló sọ ọ́. Àárọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Báwo ló ṣe mọ iye tó máa jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́?"

Mo ní, "Bàbá wọn, kí lẹ tún ń wò? Ẹ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn." Ó ní bóyá kí òun ṣì máa ṣọ́ ọ ná. Mo ní kí ló fẹ́ máa ṣọ́, àbí ó ti ń dùn mọ́ ọn láti máa ṣọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ yẹn ló tì í jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọ̀gá Fíùsì gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọ́n fi mítà tiwọn wo àpótí, mẹ́wàá àbọ̀ ni. Wọ́n wo ọ̀dà, wọ́n wo èékánná. Wọ́n bi kíláàsì bóyá lóòótọ́ lọmọ náà dárúkọ iye yẹn nírọ̀lẹ́ ìjẹta, gbogbo wọn ní lóòótọ́ ni. Ọmọ náà ń sọ pé, "Mi ò fọwọ́ kàn án, sà. Bó ṣe wà níjẹta náà nìyẹn." Wọ́n wo mítà abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n gbé e sápá kan. Òfin ilé ẹ̀kọ́ ni pé ẹni tó bá ba iṣẹ́ ìdánwò jẹ́ kò ní jókòó nínú ìdánwò ọdún náà, ẹni tó bá sì fẹ̀sùn èké kan ẹlòmíràn, ìyà kan náà ni yóò jẹ. Wọ́n ní kí ọkọ mi tọwọ́ bọ̀wé pé òun mọ èyí. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Onídìrí kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó lọ sílé. Ọ̀gá gbé àpótí náà lọ tì mọ́ ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Mo se oúnjẹ tó dùn lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdánwò, agogo ara ògiri wa dúró. Mo ra bátìrì tuntun lọ́wọ́ oníbátìrì tó wà níkorítá. Ọkọ mi ti ń fi mítà rẹ̀ tú rédíò kan wò láti àárọ̀. Ó gba bátìrì náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí òun yẹ̀ ẹ́ wò ná. Fóòtì kan àbọ̀ ni wọ́n kọ sí i lára. Mítà sọ méjì.

"Ayédèrú ni!" ló ní. Ó di ọwọ́ mi mú, ó di ìkorítá.

Oníbátìrì jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo. Ó gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi mítà tirẹ̀ wo bátìrì náà: ó lé díẹ̀ ní ọ̀kan àbọ̀. Ó mú òmíràn nínú páálí, ó fi mítà ọkọ mi wò ó: méjì. Ó yí mítà náà sọ́tùn-ún sósì.

"Bàbá Géètì, kí lẹ lẹ̀ mọ́ ọn lójú báyìí?"

"Orúkọ mi ni."

Oníbátìrì fi èékánná ṣí pílásítà náà. Àwòrán bátìrì kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Bátìrì inú mítà yín ló ń kú lọ. Bó bá sì ti ń kú, á máa sọ iye tó ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá lò ó títí di ìrọ̀lẹ́, irọ́ rẹ̀ á pọ̀ sí i. Bó bá sinmi mọ́jú, á tún sọ òótọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi pílásítà bò ó lẹ́nu kó má baà pariwo!"

N kò mọ̀ nípa iná, àmọ́ aránṣọ ni mí, mo mọ̀ bí ó ṣe ń rí bí òṣùwọ̀n téèyàn fi gé aṣọ bá jẹ́ irọ́. Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mítà rẹ̀ ti rẹ̀, ó sọ méjìlá níbi tí mẹ́wàá àbọ̀ wà. Láàárọ̀, ó ti sinmi, ó sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó yí sukurúù kankan. Mítà abẹ́rẹ́ àtijọ́ yẹn ló sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sì kígbe rẹ̀ sókè níṣojú gbogbo wọn.

A ń bọ̀ nílé, ó di mítà náà mú lọ́wọ́. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo ní, "Ta ló mọ̀? Èmi, ẹ̀yin, oníbátìrì. Oníbátìrì ò sì mọ ọmọ náà rí. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ọdún kan mìíràn nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì. Ọmọdé ni òun, ó ní irun tó ń dì. Ẹ jọ̀ọ́." Ó dúró láàárín títì, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó sì tún ń rìn lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fi bátìrì tuntun sí mítà rẹ̀, ó lọ síbi ẹ̀kọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ. Ọjọ́rú, ó lọ. Kò sọ nǹkan kan, n kò sì béèrè. Mo dúpẹ́ pé ó ti gbọ́ tèmi. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ọkùnrin tó lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí mì, tó sì ń sùn, tó ń jẹun, kí ló tún ti gbé mì rí tí n kò mọ̀? Mo ń wò ó nígbà tó bá ń wẹ ọwọ́. Mo yẹ àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò, n kò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń wá.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ìdánwò, ó wọ ẹ̀wù funfun. Apá ọ̀tún ni ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wà láti ilé wa. Mo dúró lójú fèrèsé, mo rí i tó yà sápá òsì. Orí mi wú. Apá òsì ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí yẹn wà! Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo wọ sálúbàtà òdì, mo tẹ̀ lé e.

Ó wọlé síbẹ̀ lóòótọ́. Mo fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rò pé màá gbọ́ ohun tí yóò ba ilé mi jẹ́.

Ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀. "Mítà mi ló ń parọ́. Tìẹ ló sọ òótọ́. Láti ọjọ́ Ìsinmi ni mo ti mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá ọ̀nà tí mi ò fi ní sọ ọ́, mi ò rí i."

Mo gbọ́ ìró kóòmù tí ọmọbìnrin náà gbé kalẹ̀. "Mo sọ fún yín," ló ní. "Mo sọ fún yín níṣojú gbogbo wọn." Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún kan la jọ jókòó. Ẹ mọ̀ mí. Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ fẹjọ́ mi sùn?"

"Èmi ni," ni ọkọ mi wí. "Èmi nìkan ni."

Mo lè padà sílé. Kò sẹ́ni tó rí mi. Ẹ̀rọ mi ń dúró, oníbàárà ń bọ̀ láago mẹ́wàá. Ojú tì mí. Nígbà tó yá, mo wọlé.

"Irọ́ ló ń pa," ni mo wí. "Ó fẹ́ dúró, èmi ni mo tì í. Èékánná rẹ ni mo rí."

Ọmọ náà wò mí, ó wo bàtà òdì tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi, ì bá tù mí lára. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. "Aago mẹ́sàn-án ni ìdánwò," ló ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá."

Ọ̀gá Fíùsì kò gbaná lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní àwọn náà kò wo mítà ọmọ náà dáadáa, kí Ọlọ́run dárí ji àwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n bi ọkọ mi pé, "Ṣé o rántí ohun tó o tọwọ́ bọ̀?"

"Mo rántí, sà."

Wọ́n fi rúlà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ti onídìrí padà sábẹ́. Ọdún kan gbáko. Mo di ara tábìlì mú.

A jáde sí kíláàsì. Ọkọ mi ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé àpótí iná jáde, ó ní òun ti tún un ṣe sí méjìlá láti ọjọ́ Ajé, àmọ́ kí ó fi tirẹ̀ wò ó. Ọmọ náà fi mítà abẹ́rẹ́ rẹ̀ wò ó, ó mi orí pé ó dára. Irin inú àpótí náà wúwo, gbọ̀ngàn ìdánwò sì wà lókè àtẹ̀gùn. Ọkọ mi gbé e. Ọmọ náà ń lọ níwájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn ń wọlé lọ méjì-méjì, wọ́n ń wò wá. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ọkọ mi dúró. Ó na àpótí náà sí i.

"Bí wọ́n bá bi ẹ́ nípa wáyà tó lọ́ mọ́ irin inú rẹ̀ yẹn," ló ní, "ìwọ lo lọ́ ọ. Má ṣe dárúkọ mi."

"A jọ lọ́ ọ ni," ni ọmọ náà wí. Ó gbà á mọ́ àyà, ó wọlé. Kò kí mi, kò sì wò mí, mi ò dá a lẹ́bi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo fọwọ́ kan ọkọ mi lápá. "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Jẹ́ kó ṣe tán ná," ló ní.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Mo jókòó tì í.